Bí Mo Ṣe Pín Ojú Ọ̀run ní Accra

Ayé àkọ́kọ́ tí mo dá ní Accra bàjẹ́ kí n tó jẹun ọ̀sán tán. Àárọ̀ ni mo ní kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀, mo wá jáde lọ ra kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo tiwọn, àti ẹja díndín lẹ́nu géètì. Ìgbà tí mo fi padà dé, lẹ́tà pupa ti kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń jẹ kẹ́ńkè mi. Ó kan lẹ́nu, mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo rò pé wọ́n ta èyí tó ti bàjẹ́ fún mi nítorí pé àlejò ni mí.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe kò le láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó yé ìyá mi. Kò sí ẹni tó lè jókòó wo bí ojú ọ̀run ṣe dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, ẹ̀mí wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, à ń kó àìmọye ẹyọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún òkìtì ńlá kan nínú ohun tó wà lójú ọ̀run, a ó sì ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa èkejì mọ́ra, títí ìràwọ̀ yóò fi ṣù jọ bí wọ́n ṣe ṣù jọ lókè yìí. Kọ̀ǹpútà kan kò lè dá a gbé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n máa ń so pọ̀ nínú ilé títutù kan, wọn a sì di ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo.

"Ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ dà ni?" ìyá mi bi mí lórí fóònù.

"Rárá o, Màámi. A kàn ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ẹ máa wò ó jẹ́jẹ́ o."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá wa. Obìnrin Gà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Prọ́f ni gbogbo wa ń pè é. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ gbì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Prọ́f fò dìde, ó di apá mi mú, ó ń kígbe pé kí wọ́n gbé omi wá. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Efua, ọmọ Fante tí èmi àti rẹ̀ yóò jọ máa ṣiṣẹ́, ló gbé omi náà wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé mo kàn ń kí wọn ni, Efua rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i láṣọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí pé inú mi kì í pẹ́ bí, kí ẹ má baà bi mí léèrè tó bá yá.

Ilé Màmá Síkírá ní Darkuman ni mo ń gbé. Ọ̀fà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí òun sí, kò sì dé Ọ̀fà rí. Ọṣẹ àti mílíìkì inú agolo ló ń tà ní ọjà Tudu. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi pé Twi máa ń yọ orí síbẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú. "Káàbọ̀, akwaaba," ló kí mi lọ́jọ́ tí mo gbé báàgì mi wọlé. "Wákyé wà nílẹ̀, ó dùn paa. Jókòó, jẹun kọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ò ní sá lọ." Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, Twi ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn. Ọṣẹ dúdú tí ìyá mi fi wẹ̀ mí dàgbà wà nínú ọjà rẹ̀. Alata samina ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èmi pẹ̀lú, Alata ni wọ́n ń pè mí ní ọjà Madina, nítòsí ibi iṣẹ́ wa; bí wọ́n ṣe ń pe àwa tó ti Nàìjíríà wá nìyẹn. Ó kọ́kọ́ ń dùn mí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú ló nira jù. Nílé, kò sí ẹni tó ń bi mí pé ta ni mí. Orúkọ bàbá mi ti máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mo bá ń lọ, kódà lẹ́yìn tó kú. Ní Accra, bí mo bá dákẹ́, kò sí ohun tó ń sọ mí fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ìsìn, màá gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń tàkúrọ̀sọ ní èdè tí mi ò gbọ́, ẹkún á sì gbọ̀n mí. Mo sunkún dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Iṣẹ́ nìkan ni mo ní tó lè sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì gbá a mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n já a gbà lóòótọ́.

Prọ́f ní ojú ọ̀run ńlá kan lọ́kàn tó ti fẹ́ dá tipẹ́, èyí tí ẹ̀rọ tiwa kò lè gbà láé. Ó ti kọ lẹ́tà káàkiri kí àwọn tó ni ẹ̀rọ ńlá lókè òkun fún wa láyè. Lọ́dún kejì mi, ẹgbẹ́ méjì kọ̀wé padà lẹ́ẹ̀kan náà: wọn yóò fún wa ní àyè lórí ẹ̀rọ wọn fún odidi ọdún kan, bí a bá lè fi hàn wọ́n pé kóòdù wa kì í fi ẹ̀rọ ṣòfò. A ó gbé ayé kékeré kan láti ìgbà èwe rẹ̀ dé òní lórí ẹ̀rọ méjèèjì àti lórí tiwa, kí òpin oṣù kẹta tó dé. Bí apá kan ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tí apá kejì ń sùn, wọn yóò gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. Prọ́f máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìwé iṣẹ́ tèmi náà, àyè yẹn ni wọ́n fi dè é. Bí kò bá bọ́ sí i, màá kó báàgì mi lọ sílé.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọrọ èyí," Prọ́f sọ fún wa. "Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. CPU ló kún inú tiwa, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń lò. GPU ló ń ṣe iṣẹ́ líle nínú ti ẹgbẹ́ kìíní, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nítorí àwòrán inú géèmù. GPU wà nínú ti ẹgbẹ́ kejì náà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, èdè rẹ̀ sì yàtọ̀. Efua ló ń kọ ìṣirò náà lọ́nà tí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi gbọ́ ọ láìjẹ́ pé a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún wọn: mo ń gé ojú ọ̀run sí àpótí àpótí, mo ń fún GPU kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mo ti kọ ìpín yẹn láti ọdún tí mo dé, kò sì sí ohun tí mo fi ń yangàn tó o. Gbogbo àpótí dọ́gba rẹ́gí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e sórí ẹ̀rọ ńlá lókè òkun, ó lọ́ra ju tiwa ní Accra lọ. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Efua fi ọjọ́ mẹ́ta wo ibi tí àkókò ń gbà jò, ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, a ń lo GPU bí ẹní lo takisí," ó ní. "Trotro ni, bọ́ọ̀sì akérò. Bí kò bá kún, kò yẹ kó gbéra. Àwa ń fi èrò kan ṣoṣo rán an láti Madina dé Tudu, ó ń padà, a tún ń gbé èrò kan sí i."

Ó tún un kọ kí ìṣirò máa dúró de ara wọn títí wọn yóò fi pọ̀ tó, kí wọ́n tó jọ wọ GPU lọ. Ẹ̀rọ náà fò. Inú wa dùn, a lọ jẹ bánkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé kékeré wa dé agbedeméjì ọjọ́ orí rẹ̀, ó tún dúró gbagidi.

Efua fi àwòrán kan hàn mí. Ìlà kan wà fún GPU kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ìlà rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé, bó bá ń dúró, á ní àwọ̀ eérú. Ìlà díẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé. Eérú ni gbogbo ìyókù.

"Ọ̀pọ̀ wọn ti parí, wọ́n ń dúró de àwọn díẹ̀ yìí," Efua ní. "Ṣé kì í ṣe bí o ṣe pín in ni?"

Ó dà bíi pé ó gbá mi lójú. "Ìpín tèmi dọ́gba!" mo ní. "Mú rúlà kí o lọ wọ̀n ọ́n! Lọ wo inú ìṣirò tìrẹ." Ó dá ojú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, "Ẹ káàárọ̀" àti "Ó dàárọ̀" nìkan ló ń kọjá láàárín wa, àyè wa sì ń lọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lọ bá Màmá Síkírá to ọṣẹ ní Tudu, kí n má baà dá jókòó sílé. Ìyá mi pè. Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀ dé etí.

"Wọ́n ti pín ilé bàbá rẹ! Yàrá mẹ́rin, ọmọ mi! Mẹ́rin fún ìdí tiwọn, mẹ́rin fún ìdí tiwa. Ìwọ nìkan!"

Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyálé ìyá mi, kó tó kú, bí ọmọ mẹ́fà. Ìyá mi bí èmi nìkan. Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, orí mi sì wú. Ó ti gba èébú púpọ̀ nítorí ọmọ kan ṣoṣo yẹn, èyí sì dà bí ìdáhùn.

Kò pẹ́ sí i ni Bọ̀dá Lásún pè, àkọ́bí ìyálé.

"Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni? Mo kàn ní kí n bẹ̀ ọ́ ni. Àwa mẹ́fà pẹ̀lú ọmọ wa ni a há sínú mẹ́rin yìí. Àwọn ọmọ tèmi ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá tìrẹ wà ní títì pa. Bí o bá lè yọ̀ǹda ọ̀kan..."

"Bọ̀dá, èmi kọ́ ni mo pín in," mo ní. "Ẹbí ló pín in, ó sì dọ́gba." Mo gé fóònù. Inú ti tún bí mi.

Màmá Síkírá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ohùn fóònù mi máa ń ròkè. "Kí ni ìdí yẹn tí ìyá rẹ ń sọ?"

"Ìdí-igi ni wọ́n ń pè é, Màmá. Bí bàbá bá kú, wọn kì í ka orí ọmọ. Ìyàwó ni wọ́n ń kà. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìdí kan nìyẹn. Ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ohun tó dọ́gba."

"Ẹni tó bí mẹ́fà àti ẹni tó bí ọ̀kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n má baà fi ọ̀pọ̀ ọmọ yan ẹnì kan jẹ."

Ó gbé ọṣẹ kan lé orí èkejì. "Ó dára fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n, ei, adɛn, kí ló dé? Ibì kan kún tí àwọn ọmọ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, ibì kejì ṣófo tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá ń sọ pé ó dọ́gba?"

Mo ṣí ẹnu láti dá a lóhùn, mo sì dá a lóhùn lóòótọ́: "Àpótí ló dọ́gba, Màmá, kì í ṣe..." Yàrá ni mo fẹ́ pè, àpótí ló jáde. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rí ìlà eérú wọ̀nyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, yàrá ṣíṣófo tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu wọn.

Nígbà èwe ojú ọ̀run, ohun gbogbo tàn ká inú rẹ̀ ní déédéé, bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ó ń dàgbà, ó ń ṣe kókó. Gbogbo nǹkan ń wọ́ lọ síbi kókó wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń fi ibi tó pọ̀ jù sílẹ̀ lófìfo. Èmi sì ti fún GPU kọ̀ọ̀kan ní àpótí tó dọ́gba! Àwọn díẹ̀ gba àpótí tí ẹyọ kún fọ́fọ́, ìyókù gba òfìfo, wọ́n parí lójú ẹsẹ̀, wọ́n jókòó. A kò rí i lórí ẹ̀rọ tiwa nítorí pé ó lọ́ra, a kò sì jẹ́ kí ayé kankan dàgbà níbẹ̀ rí. Mo ti fi ìdí-igi pín ojú ọ̀run. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń pín nǹkan láti kékeré ni, mi ò sì ronú rí pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè pè ní dídọ́gba.

Ọjọ́ Ajé, kí n tó gbé báàgì sílẹ̀, mo lọ bá Efua.

"Èmi ni," mo ní. "O rí i láti ọjọ́ yẹn, mo sì pariwo mọ́ ọ. Kafra, má bínú."

"Kafra nìkan kò tó," ó ní. "Bánkù lo máa rà." Ó sì yí àga rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Prọ́f ló ṣòro. Ọjọ́ méjìlá ló kù. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo sọ fún un pé àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí mo dé, pé ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

"Bí o bá tú u palẹ̀ báyìí, tí kò sì tò padà ńkọ́?"

"Bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, Prọ́f, a ti pàdánù tẹ́lẹ̀."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Lọ tú u."

Nílé, ọ̀nà kejì tí a fi ń pín ogún ni orí-ò-jorí: ẹ ó ka orí ọmọ, orí kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo ní kí ẹ̀rọ máa ka ẹyọ, kó tún wo bí iṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, nítorí ẹyọ tó wà láàárín èrò ní aládùúgbò púpọ̀ tó ń fà á. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, àpótí á kéré. Ibi tó bá ṣófo, á fẹ̀. Bí nǹkan bá sì ti ń ṣí kiri, kí wọ́n máa tún un pín. Mo sọ apá kóòdù náà ní orí-ò-jorí, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Efua ń pè é káàkiri ọ́fíìsì bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ tuntun, ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀.

Ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tò.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, a gbé e sórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀. Prọ́f gbé àga wá, ó jókòó sí ààrin wa. Ayé kékeré náà kọjá ìgbà èwe. Ó dé agbedeméjì ọjọ́ orí, ibi tó ti máa ń dúró. Mo di ọwọ́ Efua mú. Àwọ̀ ewé! Àwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí ẹ̀rọ kìíní, lórí ẹ̀rọ kejì, lórí ti Accra náà. Eérú kò ju bíńtín lọ. Nígbà tí wọ́n parí, a to àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn: ẹ̀rọ mẹ́ta tí kò jọra, tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, kókó wọn sì bọ́ síbi kan náà. Mo kígbe. Àwọn ará yàrá kejì sáré wá wò ó bóyá ẹnì kan ti ṣubú.

Prọ́f dìde. Ó fi ọwọ́ kan tábìlì mú, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú mi, orúnkún méjèèjì.

"Prọ́f, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Mo sáré di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ gbé omi wá," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, àwọn méjèèjì kọ̀wé pé a ti gba àyè náà. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan, ẹnì kan béèrè pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ tó wà lára kóòdù wa, àti pé ṣé àwọn lè lò ó nínú tiwọn. Mo kà á fún Màmá Síkírá ní Tudu. "Ṣé o sọ fún wọn pé èmi ni mo bi ọ́?" ó ní. Mo ti sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé mo yege, ó gbàdúrà títí. Mo wá ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ẹ jẹ́ ká pín in ní orí-ò-jorí. Ọmọ méje ni wá, ẹyọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹjọ, kó jẹ́ tiyín."

"Ṣé Lásún ló gbé e sí ọ lórí?"

"Rárá, Màámi. Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi."

"Wọ́n fi ọmọ kan bú mi títí. Ìgbà tí mo wá gba mẹ́rin, o ní kí n dá méjì padà."

"Màámi, ọmọ kan yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ láti Accra yìí. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilé wa ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òyìnbó. Ṣé yàrá mẹ́rin lẹ ṣì fẹ́ fi dá wọn lóhùn?"

Ó pòṣé, ó gé fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò pè mí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwòrán kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Lásún. Ilẹ̀kùn méjì wà ní ṣíṣí, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì nínú ọ̀kan. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìgbálẹ̀ dání, ó fajú ro. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá yàrá náà fún wọn, Bọ̀dá Lásún kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé yàrá tèmi wà láàárín, àti pé ariwo àwọn ọmọ náà kò ní jẹ́ kí n sùn bí mo bá wálé.

Mo kọ ọ́ padà sí i pé mò ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, kí ó má sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́.